Ẹnu Géètì Ni Iṣẹ́ Wà: Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Ọmọ Kéékèèké àti Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Wọ Ọgbà Ìṣeré

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ìbáà jẹ́ Iléyá tàbí Kérésìmesì, tàbí Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé tí a máa ń ṣe ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń dárúkọ tí a bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n fẹ́ lọ: ọgbà ìṣeré. Àwọn tó wà ní Abùjá á ní Magicland. Àwọn ará Ìbàdàn á ní Trans Amusement Park. Àwọn ará Èkó á dárúkọ Apapa Amusement Park, tàbí Hi-Impact Planet tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ohun tí ọmọ ń rò ni àga tó ń yí po lókè àti ọkọ̀ ojú irin kékeré. Ohun tó yẹ kí òbí kọ́kọ́ rò ni ẹnu géètì.

Nínú ọgbà, àyè wà. Ẹni tó bá rẹ̀ á jókòó sábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ní ẹnu géètì, ojú kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú báàgì wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka orí, oòrùn á sì máa pa gbogbo èrò pọ̀. Ìyá tó ń ti ọmọ oṣù mẹ́jọ nínú kẹ̀kẹ́, tó tún di ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta mú, ọwọ́ wo ló kù tó fẹ́ fi mú owó jáde?

Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, níbi ayẹyẹ tí wọ́n ṣètò fún àwọn ọmọdé ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Islamic High School, Baṣọ̀run, ní Ìbàdàn, èrò pọ̀ ju àyè lọ, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sì ṣẹlẹ̀. Ọmọ 35 ló bá a lọ. Ibẹ̀ kì í ṣe ọgbà ìṣeré, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ń lọ sí ọgbà ìṣeré lọ́dọọdún tí wọ́n ń padà sílé tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kan gbogbo ibi tí òbí bá ti ń kó ọmọ lọ wo eré.

Kì í ṣe ẹsẹ̀ tó ń tẹni mọ́lẹ̀ nìkan ló ń pani nínú èrò. Ohun tó ń pani jù ni ìfúnpọ̀. Bí èrò bá fún mọ́ra débi pé igbá àyà kò lè gbòòrò mọ́, ẹni tó wà lórí ìdúró gan-an kò ní lè mí. Àwọn tó wà lẹ́yìn kì í sì í mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú. Wọ́n á rò pé ìlà kàn ń falẹ̀ ni, wọ́n á túbọ̀ máa ti. Ọmọ ọdún mẹ́ta, ibi itan àgbàlagbà ni orí rẹ̀ mọ. Èyí tó wà nínú kẹ̀kẹ́ tún lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè má tilẹ̀ rí i. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ parí iṣẹ́ ẹnu géètì kí ẹ tó dé ẹnu géètì.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Nígbà tó bá ku ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ lọ, ẹ pe ọgbà náà lórí fóònù, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin. Ọmọ ọdún mélòó ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í san owó? Ṣé owó géètì ti kó gbogbo eré pọ̀, àbí a óò tún máa san fún eré kọ̀ọ̀kan? Ṣé a lè gbé oúnjẹ àti omi ọmọ wọlé? Ṣé kẹ̀kẹ́ ọmọ lè wọlé, àbí ìta ni a óò ti fi í sílẹ̀?

Ní Walt Disney World tó wà ní Florida, ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kedere: fífẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 79 lọ, gígùn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 132 lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kì í san owó ìwọlé níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu ẹ̀ṣọ́ géètì la sábà máa ń ti gbọ́ òfin, lẹ́yìn tí a bá ti tò dé iwájú. Àríyànjiyàn kan ṣoṣo lórí ìkòkò ìrẹsì lè dá gbogbo ìlà dúró. Ẹ pè kí ẹ tó lọ.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún, POS lè má ṣiṣẹ́, tíránsífà lè kúrò lọ́dọ̀ yín kí ó má dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ mú owó bébà dání, ẹ ka èyí tó tó owó géètì sọ́tọ̀, kí ẹ fi í sínú àpò tí ọwọ́ yín lè tètè dé.

Báàgì kan ṣoṣo tó, èyí tí ẹ lè gbé kọ́ ejìká: pámpásì, aṣọ ìpààrọ̀, omi, oúnjẹ ọmọ àti ọ̀já. Ẹ má fi báàgì wíwúwo kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá wà nínú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ á dúró. Bí ẹ bá ti gbé ọmọ kúrò báyìí, báàgì á fà á ṣubú sẹ́yìn, bóyá sórí ọmọ kejì tó dúró níbẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ abẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí ó ṣófo, nítorí pé kẹ̀kẹ́ tí ẹrù kún abẹ́ rẹ̀ kò ṣeé ká pọ̀. Ẹ fi kíká a pọ̀ dánra wò nílé, títí ẹ ó fi lè fi ọwọ́ kan ṣe é.

Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sórí bébà pélébé kí ẹ fi í sínú àpò ọmọ, tàbí kí ẹ fi bírò kọ ọ́ sí apá rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ síta lára aṣọ tàbí báàgì rẹ̀, nítorí pé àjèjì tó bá mọ orúkọ ọmọ lè fi tàn án. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ ya fọ́tò ọmọ kọ̀ọ̀kan láti orí dé ẹsẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣìnà, ẹ kò ní máa rò ó pé aṣọ wo ló wọ̀.

Ẹ tún kọ́ ọmọ ní orúkọ yín gan-an. Ẹ̀kọ́ ilé kò gbà kí ọmọ máa pe òbí rẹ̀ lórúkọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó bá ń ké “Mọ́mì, Mọ́mì” nínú èrò, gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló ń jẹ́ Mọ́mì.

Kẹ̀kẹ́ àbí ọ̀já?

Kẹ̀kẹ́ ọmọ dára nínú ọgbà. Ọmọ lè sùn nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ìyá náà á sì sinmi. Ṣùgbọ́n ní ẹnu géètì, ọ̀já ló mọ iṣẹ́ jù. Bí ẹ bá pọn ọmọ, ọwọ́ yín méjèèjì ṣófo: ọ̀kan fún ọmọ tó ń rìn, ìkejì fún tíkẹ́ẹ̀tì. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ pọn èyí tó kéré jù láti ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí, kí ẹ ká kẹ̀kẹ́ pọ̀, kí àgbàlagbà kejì gbé e. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé, ẹ lè wá ṣí i padà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, èyí tó fúyẹ́ tó sì ń ká pọ̀ di kékeré ló bá ọgbà tiwa mu ju èyí tó tóbi bí àga ọba lọ. Yanrìn wà, ojú gọ́tà wà, àlàfo bíríkì ilẹ̀ náà wà. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá lórí irú ibẹ̀, ẹ yí ẹ̀yìn padà kí ẹ fa kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé yín, kí táyà ẹ̀yìn kọ́kọ́ gòkè, nítorí pé táyà kékeré iwájú ló máa ń há. Nígbà oòrùn tàbí nígbà ọyẹ́, ẹ má fi aṣọ bo ojú kẹ̀kẹ́ pátápátá. Afẹ́fẹ́ kò ní rọ́nà wọlé, ooru á sì mú ọmọ.

Lórí ìlà

Ọ̀sán ọjọ́ ọdún gan-an ni èrò máa ń pọ̀ jù. Bí ẹ bá lè sún ìrìn àjò náà sí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ọdún, tí ẹ sì dé ibẹ̀ kí wọ́n tó ṣí géètì, ẹ ti dín ìdajì wàhálà kù.

Gbogbo ìdílé kọ́ ló yẹ kó lọ tò. Kí ẹnì kan lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kejì dúró ti àwọn ọmọ níbi ìbòji, jìnnà sí èrò. Nígbà tó bá kan wíwọlé, kí àgbàlagbà kan ṣáájú, kí àwọn ọmọ tẹ̀lé e, kí àgbàlagbà kejì kẹ́yìn. Báyìí, ọmọ kankan kò ní wà nínú tàbí níta ní òun nìkan. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ kó wọn wá, ọmọ tó ń rìn gbọ́dọ̀ wà níwájú yín níbi tí ojú yín ti tó o, kì í ṣe lẹ́yìn. Ó tún dára kí ìyá méjì fi ọ̀rọ̀ lọ ara wọn kí wọ́n jọ lọ: bí ọ̀kan bá ń sanwó, èkejì á máa ṣọ́.

Ẹ ti ṣí báàgì sílẹ̀ kí ó tó kàn yín. Ẹ kí ẹ̀ṣọ́ kú iṣẹ́. Òun náà ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀. Ìyá tó bá fẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ obìnrin yẹ òun wò lè sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ẹ bá ti kọjá géètì, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ ka àwọn ọmọ sókè ketekete. Ẹ fi aṣọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà wọ̀ hàn wọ́n, kí ẹ sì yan ibi kan tí gbogbo yín máa pàdé bí ẹ bá pín yà.

Bí èrò bá ti ń fún

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́ orí. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín: bí ẹ kò bá lè yí i padà mọ́ níbi tí ẹ dúró, èrò ti pọ̀ jù fún ọmọ. Ẹ má dúró de ìgbà tí ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara. Ẹ jáde nígbà tí àyè ṣì wà.

Bó bá ti pẹ́ jù, ẹ gbé ọmọ tó ń rìn sókè. Bí ẹ bá lè yí ọmọ ẹ̀yìn wá síwájú, kí apá yín lè dáàbò bo àyà rẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tì í sí ẹ̀gbẹ́ bó bá ṣeé ṣe, kí ó má baà gbé ẹlòmíràn ṣubú. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ mú bàtà tàbí fóònù tó bọ́. Ẹ má bá èrò jà: bí wọ́n bá ti yín, ẹ bá wọn lọ, bí wọ́n bá dẹwọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ kan tàbí méjì yà sí ẹ̀gbẹ́, títí ẹ ó fi jáde. Ẹ sá fún ara ògiri àti irin géètì, nítorí pé ibẹ̀ ni ìfúnpọ̀ ti ń le jù. Bí ẹ bá ti bọ́ sí gbangba, ẹ pe 112. Ní Èkó, 767 náà ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ lè sunkún nítorí pé ẹ padà sílé láìwọlé. Ẹkún yẹn á tán kó tó di alẹ́. Owó tíkẹ́ẹ̀tì lè ṣègbé, ọgbà á ṣì wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọgbà ìṣeré lọ́jọ́ ọdún, ọjà ni, gbogbo àgbàlagbà tó bá sì wà lórí ìlà ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Bí ẹ bá rí ìyá tí táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ há, ẹ bá a gbé e. Bí ẹ bá rí ọmọ kékeré láàárín èrò, ẹ fún un láyè, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn yín pé kó rọra, ọmọ wà níwájú.