Ṣé o mọ̀ pé rírẹ́ ògiri lè tú àṣírí ọjọ́ orí àwòrán?

Ní Faras, ní ilẹ̀ Núbíà, àwọn awalẹ̀pìtàn ará Poland rí àwòrán tó lé ní 120 lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tí iyanrìn ti bò, láàárín ọdún 1961 sí 1964. Wọ́n bó ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán náà kúrò kí omi ìdídò Aswan tó gba ibẹ̀, òmíràn sì ń yọ lábẹ́ èkejì. Bí àwọn obìnrin ṣe ń tún ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè kùn n'Ílé-Ifẹ̀ náà ni àwọn Kristẹni Faras ayé àtijọ́ ṣe ń tún ti ṣọ́ọ̀ṣì yìí rẹ́. Àwòrán tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló pẹ́ jù. Ẹnìkan lè ní èyí kò sọ ọdún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ bíṣọ́ọ̀bù 27 tí wọ́n kọ tẹ̀léra sára ògiri ibẹ̀ ló ràn wá lọ́wọ́: a lè fi àwòrán bíṣọ́ọ̀bù Petros, ọ̀kan nínú wọn, sí ọ̀rúndún kẹwàá láìmikàn.