Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ń Bẹ Lẹ́nu Ọ̀nà Wa: Àwọn Ọmọ Olódi-Àpápá Ha Ti Múra Bí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Olódi-Àpápá àti ti Ajégúnlẹ̀ ti rí nìyí nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀bá èbúté ni a bí wọn sí. Wọ́n ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ òkun, wọ́n ń rí àwọn tírélà tí ń kó kọ̀ǹténà kọjá tọ̀sán tòru. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá dàgbà tí wọ́n sì wọ inú èbúté náà lọ, ẹrù ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń lọ rù níbẹ̀. A kò sọ èyí láti fi tàbùkù alábàárù, nítorí iṣẹ́ tí ènìyàn fi òógùn ojú rẹ̀ ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú. Ohun tí a ń béèrè ni èyí: àwọn ọmọ ta ni yóò máa tún kírénì náà ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́? Àwọn ọmọ ta ni yóò máa ya àwòrán afárá àti ti gọ́tà tí a ó kọ́ sí àdúgbò wa?

Èrò tiwa ni pé kì í ṣe ẹnu ibodè yunifásítì ni a ti ń ti ìlẹ̀kùn iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ́ àwọn ọmọ wa. Inú kíláàsì ni a ti ń tì í, ní ọdún tí ọmọ ń yan àwọn ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ ní ìpele àgbà ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì. Òbí kì í sábà mọ̀ pé ìlẹ̀kùn ti tì, olùkọ́ pàápàá lè má fiyè sí i. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ojú gbogbo wa yóò tó là, ẹ̀pà kò sì ní bóró mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nílẹ̀. Ní ọdún 1926 ni wọ́n parí ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní èbúté Àpápá, kí ọkọ̀ òkun ńláńlá lè máa gúnlẹ̀ síbẹ̀ láti já ẹrù. Ní 1977 ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island nítòsí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Flour Mills of Nigeria ti ń lọ ọkà ní Àpápá láti ọdún 1962. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ìlà aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Marina dé Mile 2, ìrìn kìlómítà 13. Mile 2 yìí kò sì jìnnà sí Olódi-Àpápá rárá. Ní ọdún kan náà ni èbúté tuntun ti Lẹ́kìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ó di 2024, ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí, tí a kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ sí mú dísù àti epo bẹntiróòlù jáde. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà ti rán àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà ilẹ̀ wa lọ sí India láti lọ kọ́ iṣẹ́ ìfọpo.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tí ó lè dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kírénì ń fẹ́ ẹnjiníà ẹ̀rọ. Ọkọ̀ ojú irin tí ń fi iná mànàmáná rìn ń fẹ́ ẹnjiníà iná. Ilé ìfọpo ń fẹ́ ẹnjiníà kẹ́míkà. Bẹ́ẹ̀ ni títì àti gọ́tà Ajégúnlẹ̀, níbi tí àgbàrá òjò ti ń wọ yàrá bá oníyàrá, ń fẹ́ ẹnjiníà tí ó mọ bí omi ti ń wá ọ̀nà lọ. Ajégúnlẹ̀ ni àwọn baba wa pe ìlú náà, èyí ni pé ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ajé gúnlẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ni yóò lọ pàdé rẹ̀ ní èbúté.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé ìṣèlú, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni èyí. Lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú àkọ́kọ́ ní Èkó ti dìde. Ní oṣù kìíní ọdún 1934 ni ìjọba Òyìnbó ṣe àjọ̀dún ìṣílé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga ti Yábàá. Inú ará ìlú ìbá dùn, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ìwé ẹ̀rí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà yóò máa fún àwọn ọmọ wa kò bá oyè yunifásítì dọ́gba, àti pé olùrànlọ́wọ́ lábẹ́ Òyìnbó ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe, ìbáà ṣe ní iṣẹ́ ìṣègùn, ìbáà ṣe ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ernest Ikoli, Samuel Akinsanya, Dókítà J. C. Vaughan àti H. O. Davies kó ara wọn jọ, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní ọdún náà. Ẹgbẹ́ yìí ni ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní 1936. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọmọ wa kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ títí ayé ní ilẹ̀ baba rẹ̀. Bí a bá wá jẹ́ kí àwọn ọmọ wa wà lábẹ́ lónìí nítorí pé wọ́n sá fún físíìsì, a jẹ́ pé ọwọ́ ara wa ni a fi tú ohun tí àwọn baba wa dì.

Ohun tí òfin ìgbaniwọlé ń béèrè kò farapamọ́. Ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ní krẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO: Èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì, àti ẹ̀kọ́ kan sí i tí yunifásítì náà bá fọwọ́ sí. Nínú ìdánwò JAMB pẹ̀lú, Èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì ni yóò jókòó fún. Lẹ́yìn èyí, ọdún márùn-ún ni yóò lò kí ó tó gboyè. Ọmọ tí a bá gbà láyè láti ju físíìsì nù ní SS1 nítorí pé ó le, kò sí àdúrà tí yóò mú un wọ ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọdún mẹ́ta sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni èyí wà. A mọ̀ pé kíláàsì yín kún àkúnya, a sì mọ̀ pé yàrá ìdánrawò sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ kò ju orúkọ lásán lọ. Síbẹ̀, bátìrì, wáyà àti gílóòbù kan kò wọ́n jù láti fi ṣàlàyé bí iná ti ń rìn. Kẹ̀kẹ́ àti okùn tí ó wà lára kírénì ni orí ìwé físíìsì kan odindi, ojúlé wa ni ó sì wà. Ọmọ tí ó bá rí i pé ohun tí olùkọ́ ń kọ sí ojú pátákó ni ó ń gbé kọ̀ǹténà ní Àpápá, ẹ̀rù ìṣirò yóò dín nínú rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀kan ìrókò.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òbí púpọ̀ gbà pé bí kò bá ti í ṣe yunifásítì, ọmọ náà ti kùnà. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Yábàá, tí a dá sílẹ̀ ní 1947, àti ní àwọn pọ́lì mìíràn, ọdún méjì ni a fi ń gba ìwé ẹ̀rí ND. Lẹ́yìn ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ lè padà lọ lo ọdún méjì fún HND. Ẹni tí ND rẹ̀ bá sì gbámúṣé lè gba ibẹ̀ wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà pẹ̀lú, irú èyí tí ó wà ní Àgídíngbì, fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Àjọ COREN, tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1970 láti máa bójú tó iṣẹ́ ẹ̀rọ, ń fi orúkọ onírúurú òṣìṣẹ́ mẹ́rin sílẹ̀: ẹnjiníà, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ti pọ́lì jáde, amúṣẹ́ṣe, àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìlú ń lò. Àwọn wẹ́dà àti rìwáyà wa ní Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n mọ iṣẹ́ dunjú ṣùgbọ́n tí wọn kò ní ìwé, kí wọ́n lọ jókòó fún ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe. Ìwé kékeré náà lè sọ ẹni tí a ń háyà lójoojúmọ́ di ẹni tí a ń gbà sí iṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé iṣẹ́ yìí ju ọmọ wa lọ. Ní 1890 ni Herbert Macaulay ti Èkó wọkọ̀ lọ sí Plymouth láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó padà dé ní 1893. Ayọ̀délé Awójọbí, tí a bí ní Òṣòdì ní 1937, kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Zaria, ó sì gba oyè DSc ní Imperial College, London, ní 1974, kí ó tó kú ní 1984. Yunifásítì Èkó ni ó ti kọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí ọmọbìnrin má ṣe súnmọ́ ẹ̀rọ, ẹ gbọ́: Ẹgbẹ́ Àwọn Ẹnjiníà Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní London ní 1958, ní ààrẹ obìnrin àkọ́kọ́ ní 2024, ìyẹn Ẹnjiníà Margaret Aina Oguntala.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kù. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí a tún ṣe ní 2024 ti dá àjọ NELFUND sílẹ̀. Àjọ náà ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún yunifásítì tàbí pọ́lì ìjọba tí ọmọ wà, kò sì gba èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni sísan rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Fún àwọn tí ó ti gboyè tí wọ́n sì fẹ́ tẹ̀síwájú, àjọ PTDF ń rán àwọn tí ó yege lọ kọ́ ìmọ̀ tí ó jẹ mọ́ epo rọ̀bì nílé àti ní òkèèrè. Ní ilẹ̀ Jámánì, ọ̀pọ̀ jùlọ yunifásítì ìjọba kì í gba owó ẹ̀kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ yóò fi hàn pé òun ní owó oúnjẹ àti ti ilé. Kí òbí ṣọ́ra fún àwọn tí ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn pé àwọn yóò báni wá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́.

Ibì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí. Láti 1973 ni àjọ ITF ti gbé ètò SIWES kalẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ fi ọwọ́ kan iṣẹ́ gan-an kí ó tó gboyè. Oṣù mẹ́fà ni akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì ń lò níbẹ̀ ní ọdún kẹrin. Òfin sọ pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ gba irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní baba ìsàlẹ̀ lè rìn káàkiri Àpápá títí bàtà rẹ̀ yóò fi jẹ, kí ó sì wá lo oṣù mẹ́fà náà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ọmọ wa ń fa èéfín rẹ̀ símú, tí ọkọ̀ wọn ń ba títì wa jẹ́, ẹ̀tọ́ ni kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ àdúgbò. Ẹ̀yin tí ẹ ń dìbò, tí ẹ sì ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ bi káńsílọ̀ yín léèrè iye ọmọ tí ó bá wá irú àyè bẹ́ẹ̀ ní ọdún yìí. Èyí sàn ju àpò ìrẹsì àsìkò ìdìbò lọ.

Àwọn kan yóò wí pé: “Ṣé ẹ kò rí àwọn tí ó gboyè ẹ̀rọ tí wọ́n jókòó sílé ni?” A rí wọn. Iná mànàmáná tí kò dúró ti pa ilé iṣẹ́ púpọ̀, ẹ̀bi ìjọba ni èyí, kì í ṣe ti ọmọ. Ṣùgbọ́n a rí ohun mìíràn pẹ̀lú. Ẹni tí ó fi oṣù mẹ́fà SIWES ṣeré, tí kò kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn oyè rẹ̀, tí kò sì jókòó fún ìdánwò tí yóò sọ ọ́ di ẹni tí COREN mọ̀, ìwé ni ó ní, kò ì tíì ní iṣẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń so pánẹ́ẹ̀lì iná oòrùn tàbí bí a ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ńlá ṣe kì í sábà pẹ́ nílé.

Ní ìparí, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí òbí béèrè ní ọ̀sẹ̀ yìí irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ òun ń kọ́, kí ó má ṣe dúró di ọjọ́ tí èsì WAEC bá dé. Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kan tí ó ní làákàyè ju ìṣirò nù nítorí ìbẹ̀rù. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ṣílẹ̀kùn, kí àwọn òṣèlú sì di ìlẹ̀kùn náà mú kí ó má baà padé. Kí ẹ̀yin ọmọ wa pẹ̀lú ṣí ìwé yín, nítorí ẹ̀rọ kò mọ ọmọ ọlọ́lá, kò sì mọ ọmọ tálákà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè rẹ̀ ni í jẹ́ fún.