Òórùn Inú Ọkọ̀: Ẹ Má Fi Lọ́fínńdà Bò Ó

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, a tan AC ọkọ̀ tí a fi ń kó àwọn àgbà wá sí mọ́sálásí. Òórùn aṣọ tí kò gbẹ tán gba inú ọkọ̀, ìyá wa kan tó ní ásímà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Lọ́fínńdà tí a ti ń fín kò ran nǹkan kan.

Omi ló fà á. Irin tútù inú AC máa ń làágùn. Bí a bá pa ọkọ̀ tí omi yẹn kò gbẹ, irú nǹkan tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ á hù síbẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé e wá sí imú wa.

A pààrọ̀ fílítà. Ẹni tó ń tún AC ṣe fọ irin náà, ó sì la ihò tí omi ń gbà kán sábẹ́ ọkọ̀. Nísinsìnyí, bí ó bá ku ìṣẹ́jú 5 kí a délé, a ó pa AC, a ó fi fáànù sílẹ̀ kí inú rẹ̀ lè gbẹ.

Ẹ má fín bílíìsì síbẹ̀ o: ó ń jẹ irin, ó sì ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá. Kí ẹni tó ní ásímà máa mú oògùn fífín rẹ̀ dání.

Ìmọ́tótó kò mọ sórí omi àlùwàlá nìkan. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú wà lára rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.