Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ń jẹ owó ọkọ̀: bí àpótí alápò tó ṣeé ká ṣe lè ran olówò epo lọ́wọ́

Gbogbo ẹni tó ń ta epo pupa ní Ìpápó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ló mọ̀ pé epo kì í ṣe ọjà ilẹ̀ ọ̀dàn. Ọ̀pẹ kì í ṣe dáadáa ní Òkè-Ògùn bíi ti apá ìsàlẹ̀ níbi tí igbó wà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń lọ rà á. Oníṣòwò yóò kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ, yóò kó èyí tó kún bọ̀. Owó ọkọ̀ tó bá san lórí èyí tó kún kò dùn ún, nítorí ọjà wà nínú rẹ̀. Èyí tó ń dun èèyàn ni owó tó ń bá òfìfo lọ, nítorí afẹ́fẹ́ lásán ni ọkọ̀ rù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. 1,000 lítà epo máa ń gba kẹ́ẹ̀gì 40 oní-lítà 25, tàbí dúrọ́ọ̀mù 5 oní-lítà 200. Bí nǹkan wà nínú wọn, bí kò sí, àyè kan náà ni wọ́n ń gbà nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ fífọ̀. Ọrùn kẹ́ẹ̀gì há, ọwọ́ kì í wọ inú rẹ̀, èérí epo àtijọ́ tó bá sì kù sísàlẹ̀ lè ba epo tuntun jẹ́.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní òkè òkun fi yanjú ìṣòro yìí ni àpótí tó ṣeé ká, tó ní àpò ọ̀rá nínú. Lọ́dún 1955 ni William Scholle, ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fi àpò ọ̀rá sínú àpótí láti máa fi gbé ásíìdì bátìrì. Lọ́dún 1965, Thomas Angove ní Ọsirélíà gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ fún wáìnì. Lónìí, wọ́n ń tẹ́ àpò ńlá sínú kọ̀ǹtéínà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20, èyí tó lè gba tó 24,000 lítà òróró. Bí wọ́n bá ti já ọjà náà tán, wọn a ká àpò náà kúrò, kọ̀ǹtéínà náà a sì gba ẹrù mìíràn.

Ìdí tó fi rọrùn ni pé iṣẹ́ méjì ni kẹ́ẹ̀gì ń ṣe pọ̀. Ó ń gbé ẹrù, ó sì ń pa ọjà mọ́. Àpótí alápò pín iṣẹ́ náà sí méjì: àpótí ló ń gbé ẹrù, àpò inú ló ń pa ọjà mọ́. Àgbẹ̀ tó bá ti lo àpò PICS fún ẹ̀wà ti mọ ọgbọ́n yìí. Ọ̀rá méjì ló wà nínú àpò náà tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, àpò líle tó wà níta ló sì ń gba ìyà ojú ọ̀nà.

Káfíńtà tàbí wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ lè ṣe irú àpótí yìí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ agbára tí omi ní. Nínú àpótí tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tí omi inú rẹ̀ sì ga ní mítà kan, ìwúwo 1,000 kílò ló wà lórí ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ń gba agbára tó tó 500 kílò tó ń tì í síta. Bí omi náà bá ga ní ìdajì mítà péré, 125 kílò ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Nítorí náà, àpótí tó bẹ̀rẹ̀, tó sì fẹ̀, sàn ju èyí tó ga lọ, ìsàlẹ̀ ni irin ìdè sì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí jù.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níwọ̀n lè ṣe èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà níbùú, lóròó àti ní gíga. Yóò gba 200 lítà, àyè díẹ̀ yóò sì kù lókè. Epo pupa tó tó bẹ́ẹ̀ yóò wúwo tó nǹkan bí 180 kílò. Bí pákó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2.5, tí wọ́n sì fi irin bíi ti ilẹ̀kùn so wọ́n kí wọ́n lè ká, gbogbo wọn kò ní ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ lórí ara wọn. Àyè tí àpótí kan tó dúró ń gbà yóò gba mẹ́rin tó ti ká.

Àpò inú gbọ́dọ̀ tóbi díẹ̀ ju àpótí lọ. Bí ó bá kéré, òun ni yóò máa gbé ẹrù, yóò sì ya. Kí ìṣó tàbí ẹ̀ẹ́rún igi má ṣe yọ sínú. Ara àpò ni kí táàpù wà, kí pákó kàn ní ojú ihò tí yóò gbà yọ síta nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ń fa epo, àpò náà yóò máa sún pọ̀, afẹ́fẹ́ àti eruku kò sì ní wọlé bíi ti kẹ́ẹ̀gì. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀yìn àpótí sókè díẹ̀, èyí tó kù nísàlẹ̀ yóò ṣàn wá síwájú.

Ọ̀rá tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ nìkan ni kí wọ́n rà. Ohun tó bá ti gba oògùn apakoríko rí kò gbọ́dọ̀ gba epo jíjẹ láé, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Epo bẹntiróòlù kò sì gbọ́dọ̀ dé inú àpò yìí, nítorí ó ń gba ara ọ̀rá jáde, ó sì lè gbiná. Oyin nípọn, lítà rẹ̀ kan sì tó nǹkan bí kílò 1.4, nítorí náà táàpù ẹlẹ́nu ńlá ló ń fẹ́. Òrí a máa dì bí òtútù bá mú, kò sì ní ṣàn.

Wàrà tútù yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Nínú ètò tí ilé-iṣẹ́ FrieslandCampina WAMCO bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2010 láti máa ra wàrà lọ́wọ́ àwọn darandaran ní agbègbè Ìṣẹ́yìn, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí wàrà tètè dé inú ẹ̀rọ tó ń mú un tutù. Àpótí alápò kì í mú nǹkan tutù.

Kí oníṣòwò tó ra pákó, kí ó kọ́kọ́ mú ìwé àti bírò. Kí ó ṣírò owó tó ń san lórí òfìfo, owó fífọ̀ àti owó kẹ́ẹ̀gì tó ń fọ́, kí ó wá fi wé iye tí àpótí àti àpò yóò ná an, nítorí àpò inú kì í pẹ́ bí àpótí, yóò máa rà á lóòrèkóòrè. Kí ó má sì gbàgbé pé àyè tó ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀ tó ń lọ sísàlẹ̀ lè gbé àgbàdo tàbí èlùbọ́ Òkè-Ògùn lọ sọ́jà. Ibẹ̀ gan-an ni èrè wà.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kí wọ́n ṣe ẹyọ kan, kí wọ́n pọn omi kún un, kí ó sùn mọ́jú, kí wọ́n sì gbé e yí ìlú ká. Bí kò bá jò, kí epo tó wọ inú rẹ̀.