Ooru Òjijì: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Gbogbo Ará Ilé Mọ̀

Kò sí ẹni tí ń gbé Mowé, Ìbàfo tàbí Ifọ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ àjèjì sí. Ṣùgbọ́n ooru mìíràn a máa dé lójijì kí ènìyàn tó múra dè é. Irú rẹ̀ ni èyí tí ó bo ìhà gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní oṣù Kejì ọdún 2024. NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́, kéde ìkìlọ̀ fún ará ìlú. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n wádìí ọ̀ràn náà ròyìn pé bí ó ti rí lára ènìyàn tó nǹkan bí 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti pé gbígbóná tí ayé ń gbóná sí i ti mú kí irú ooru bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po 10 ju ti àtijọ́ lọ.

Kì í ṣe oòrùn nìkan ni ó fa ewu náà. Bí òógùn bá ń gbẹ lára, ara a máa tutù. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tí ń ti orí òkun wá a máa gbé ọ̀rinrin wá. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù, òógùn a máa ṣàn láìgbẹ, ooru a sì há sínú ara. Òrùlé páànù a máa gba ooru sínú yàrá lọ́sàn-án, ògiri búlọ́ọ̀kù a sì máa tú u jáde lóru.

Nítorí náà, kí onílé ṣí fèrèsé sílẹ̀ ní àfẹ̀mọ́jú kí atẹ́gùn tútù lè wọlé, kí ó sì fa aṣọ bo èyí tí oòrùn bá kọjú sí lọ́sàn-án. Kí àwọn tí ń kiri ọjà lójú títì Èkó sí Ìbàdàn, àti àwọn tí ń pàtẹ ní Ifọ̀, wá ibòji láàárín agogo 12 sí agogo 4. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì pa, bí ó ti wù kí ó pẹ́ mọ.

Kí tọmọdé tàgbà máa mu omi mímọ́ díẹ̀díẹ̀, láìdúró de òùngbẹ. Ọtí kò lè rọ́pò omi. Ní ti ìkókó tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú ìyá nìkan tó fún un. Kí ìyá rẹ̀ máa fún un lọ́mú lemọ́lemọ́.

Àṣìṣe méjì ni ooru máa ń mú ènìyàn ṣe lóru. Èkíní ni kí a ká àwọ̀n ẹ̀fọn kúrò. Ibà kò mọ ìgbà ooru yàtọ̀. Èkejì ni kí a gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀bá fèrèsé nítorí fáànù. Èéfín rẹ̀ a máa pa agbo ilé lójú oorun. Ìta gbangba, tí ó jìnnà sí ilé, ni ààyè rẹ̀.

Bí òyì bá ń kọ́ ènìyàn, tí orí ń fọ́ ọ, tí ó sì rẹ̀ ẹ́, kí a gbé e sí ibòji, kí a sì fún un lómi. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, tí ó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, tàbí tí ó dákú, ọ̀ràn ẹ̀mí ni. Kí a da omi tútù sí i lára, kí a máa fẹ́ ẹ, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara. A kò gbọdọ̀ rọ omi sí ẹni tí ó dákú lẹ́nu.

Àwọn arúgbó, aboyún, ọmọ wẹ́wẹ́ àti àwọn aláìsàn ni ooru máa ń tètè mú. Bí bàbá tàbí ìyá àgbà kan bá ń dá gbé ní àdúgbò, kí àwọn aládùúgbò máa yà wò ó lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ife omi kan àti ìbéèrè àlàáfíà lè gba ẹ̀mí là.