Kíndìnrín Ni Ó Ń Ké, Ìfun Ni Ó Ń Ṣàìsàn

Àwọn àgbà wa ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kíndìnrín rí nígbà mìíràn. Ẹlòmíràn wà tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn títí yóò fi máa yí gbirigbiri lórí ẹní. Wọn yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà yóò rí òkúta nínú kíndìnrín rẹ̀, wọn yóò yọ ọ́. Kò ní pẹ́ tí òmíràn yóò tún yọjú. Ẹlòmíràn ń tọ̀ ẹ̀jẹ̀, tàbí kí ìtọ̀ rẹ̀ máa hó bí omi ọṣẹ, a ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, a kò ní rí ìdí rẹ̀. Ojú kíndìnrín ni gbogbo ènìyàn ń wò, kò sí ẹni tí ó béèrè pé, "Inú rẹ ńkọ́? Irú oúnjẹ wo ni o ń jẹ?"

Àrùn kan wà tí ó ń gbé inú ìfun, ṣùgbọ́n tí ó lè di ẹ̀bi ru kíndìnrín. Òun ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

KÍ NI ÀRÙN NÁÀ?

Coeliac ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ràn bí ikọ́ tàbí ìgbóná, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àwọn ayé. Ẹ̀yin tí ẹ ti po ìyẹ̀fun búrẹ́dì rí mọ̀ pé ó máa ń fà bí rọ́bà lọ́wọ́. Èròjà tí ó ń mú un fà bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní gúlútẹ́nì. Inú ọkà àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì ni ó wà.

Oúnjẹ lásán ni gúlútẹ́nì jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ní àrùn yìí, bí ó bá ti wọ inú rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí Ọlọ́run fi sínú ara láti máa bá àrùn jà yóò ṣi ọ̀tá mú. Wọn yóò dojú ìjà kọ ìfun kékeré. Inú ìfun yìí ní ìka wẹ́wẹ́ bí irun ara kápẹ́ẹ̀tì, àwọn ni ó ń gba oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìjà náà yóò tẹ́ wọn pẹrẹsẹ, oúnjẹ yóò sì máa gba ibẹ̀ kọjá láìṣe ara lóore.

Nítorí náà ni ọmọ tí ó ní in fi lè máa yàgbẹ́ gbuuru, kí ikùn rẹ̀ wú, kí ó rù, kí ó má sì ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àgbàlagbà lè máa ní àìtó ẹ̀jẹ̀ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ kò ràn, kí egungun rẹ̀ má sì lágbára. Obìnrin lè pẹ́ kí ó tó lóyún, tàbí kí oyún máa bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹlòmíràn sì wà tí inú kì í run rárá, ibòmíràn lára rẹ̀ ni àrùn náà ti ń fara hàn.

BÍ ÌYÀN ṢE TÚ ÀṢÍRÍ RẸ̀

Ní 1888, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Gee, kọ̀wé nípa àwọn ọmọdé tí àìsàn yìí ń ṣe. Ó ní bí ìwòsàn kan yóò bá wà, ọ̀nà oúnjẹ ni yóò gbà wá. Ṣùgbọ́n kò mọ oúnjẹ tí ó ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹni tí ó rí i ni Willem Karel Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní ìlú The Hague ní ilẹ̀ Hóláǹdì. A gbọ́ pé ìyá ọmọ kan ni ó kọ́kọ́ sọ fún un pé nígbà tí òun kò fún ọmọ òun ní búrẹ́dì, ara ọmọ náà yá. Dókítà náà kò fi ọ̀rọ̀ ìyá yìí ṣe ẹ̀rín. Nígbà tí ó di òtútù 1944 sí 1945, ogun mú kí ìyàn ńlá mú ní Hóláǹdì, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń jẹ gbòǹgbò òdòdó. Búrẹ́dì di ọ̀wọ́n gógó. Àwọn ọmọ yòókù ń rù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó ní àrùn yìí ń sanra! Nígbà tí ogun parí tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn wọn náà padà dé. Ní 1950, Dicke kọ ìwé lórí rẹ̀ ní yunifásítì Utrecht, ayé sì mọ̀ pé àlìkámà ni.

ÀWỌN ARÁ WA NÍ AṢÁLẸ̀ SÀHÁRÀ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àrùn òyìnbó nìkan ni. Ní Yúróòpù, ó tó ẹnì kan nínú 100 tí ó ní in. Ṣùgbọ́n ní 1999, àwọn oníṣègùn kan tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde nípa àwọn ọmọ Sàhráwì, àwọn Mùsùlùmí ìwọ̀-oòrùn Sàhárà. Wọ́n yẹ ọmọ 990 wò, wọ́n sì rí i pé ó lé ní 5 nínú 100 wọn tí ó ní àrùn yìí. Iye náà ju ti Yúróòpù lọ ní ìlọ́po márùn-ún.

Láyé àtijọ́, wàrà ràkúnmí, ẹran àti èso dàbínù ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi ń gbé ara ró. Lẹ́yìn náà ni búrẹ́dì àlìkámà di oúnjẹ wọn. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1975, ọ̀pọ̀ nínú wọn sá lọ sí àgọ́ lẹ́bàá Tindouf ní ilẹ̀ Àlùjíríà, wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ ìrànwọ́ tí ìyẹ̀fun àlìkámà wà nínú rẹ̀. Ẹ wo bí ó ti rí fún ìyá kan níbẹ̀: oúnjẹ tí a fi ń ṣàánú ọmọ rẹ̀ ni ó ń pa ọmọ náà lára.

BÁWO NI Ó ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ KÍNDÌNRÍN?

Ọ̀nà méjì ni a fẹ́ sọ. Èkínní ni ti òkúta. Nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀pà àti tíì, èròjà kan wà tí à ń pè ní ọ́sálétì. Bí ara bá dá, kálísíọ́mù, èyí tí a ń rí nínú wàrà, yóò di ọ́sálétì mú nínú ìfun bí ọlọ́pàá ti ń di olè mú, yóò sì bá a jáde nínú ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìfun kò bá lè gba ọ̀rá oúnjẹ mọ́, ọ̀rá yóò so mọ́ kálísíọ́mù, ọlọ́pàá kò ní ráàyè mú olè. Ọ́sálétì yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, yóò dé kíndìnrín, ibẹ̀ ni yóò ti di òkúta. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì ti fa omi ara gbẹ, ìtọ̀ yóò ki, òkúta yóò tètè dì.

Èkejì ni pé nínú àwọn kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tí a sọ lẹ́ẹ̀kan máa ń lọ há sínú asẹ́ kíndìnrín, wọ́n á sì bà á jẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àti ìfófòó inú ìtọ̀ ti ń wá.

Ní ilẹ̀ Swídìn, àwọn oníwádìí wo àkọsílẹ̀ àwọn alárùn coeliac tí ó lé ní 29,000. Ní 2012 ni ìwé ìròyìn ìṣègùn tẹ̀ ẹ́ jáde pé kí kíndìnrín wọn kú pátápátá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ẹlòmíràn. Síbẹ̀, díẹ̀ péré nínú wọn ni ó dé bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀rù má bà yín.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kì í ṣe gbogbo àìsàn kíndìnrín ni ó ti ọ̀dọ̀ àlìkámà wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ni ó ń ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́, a kì í sì í sábà gbọ́ ìròyìn coeliac láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí òkúta bá ń padà wá, tí inú tún ń dà rú, tí ẹ̀jẹ̀ kò tó, ẹ bi dókítà bóyá ìfun ni kí a yẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà. Lẹ́yìn náà wọ́n lè fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníná gba ẹnu wọlé láti mú bíńtín lára ìfun.

Ẹ má ṣe dá búrẹ́dì dúró fúnra yín kí àyẹ̀wò náà tó wáyé, nítorí àrùn náà lè fara pamọ́.

Bí ó bá jẹ́ òun ni, ìwòsàn rẹ̀ ni kí aláìsàn yàgò fún gúlútẹ́nì títí ayé: búrẹ́dì, sẹ̀mó, màkàróní, bísikíìtì àti pọ́fù-pọ́fù. Kí ó tún wo ara agolo ohun mímu mọ́ọ̀tì, nítorí báálì wà nínú àwọn kan. Ìdùnnú ibẹ̀ ni pé ilé ìdáná tiwa kún fún ohun tí ó lè jẹ: iṣu, àmàlà, gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì, ẹ̀kọ, ọkà bàbà, ẹran, ẹja àti èso. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe din àkàrà rẹ̀ nínú òróró tí ẹ ti fi din pọ́fù-pọ́fù.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí ìyàwó yín tàbí ọmọ-ọmọ yín bá ní òun kò lè jẹ búrẹ́dì sàráà, ẹ má ṣe pè é ní agbéraga. Ègé kékeré lè pa á lára. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá náà lọ ṣe àyẹ̀wò, nítorí ó máa ń rìn nínú ìdílé.

Ní ti Ramadan, ẹni tí òkúta kíndìnrín ń dà láàmú nílò omi púpọ̀. Suratul Baqarah ti yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kí ó san ààwẹ̀ rẹ̀ padà ní ọjọ́ mìíràn. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà àti lọ́wọ́ àlùfáà. Bí wọ́n bá ní kí ó gbà á, kí ó máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà ìṣínu títí di sààrì, kí ó má ṣe gbé gbogbo rẹ̀ mu lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá kan ni ó la Dicke lójú. Ẹ̀yin ìyá, ẹ máa ṣọ́ ohun tí ó ń tẹ̀lé oúnjẹ lára ọmọ yín, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà. Kí Allah fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.