Ohun Tí A Fi Ń Kun Àtẹ̀gùn Onípákó

Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí a fi pákó ṣe àtẹ̀gùn rẹ̀, kò sí ibi tí ìyà ti ń jẹ igi tó ojú àtẹ̀gùn náà. Àárín rẹ̀, níbi tí gbogbo ẹsẹ̀ ń gbà kọjá, a máa ṣí, a sì máa jẹ wọnú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀, a ṣì máa dán. Iyanrìn tí bàtà ń kó wọlé ni ó ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí, nítorí kò yàtọ̀ sí sáńpépà tí káfíńtà fi ń ha igi. Ẹni tí ó bá fẹ́ yan ohun tí yóò fi kun àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ bèèrè bí nǹkan náà yóò ti fara da iyanrìn àti omi, kí ó tó bèèrè bí yóò ti dán tó.

Ṣẹ́láàkì ni àwọn tí ń kan àga fẹ́ràn. Oje tí kòkòrò kékeré kan ń tu sí ẹ̀ka igi ní ilẹ̀ Íńdíà ni. Spírítì ni a fi ń yọ́ ọ. Ó ń tètè gbẹ, ó sì ń dán bíi dígí. Ṣùgbọ́n bí omi bá dúró lórí rẹ̀, ó lè di àbàwọ́n funfun. Àga iyàrá àlejò ni ó yẹ.

Fánííṣì le jù ú lọ, pàápàá èyí tí à ń pè ní polyurethane, tí í di awọ líle sójú igi. Bí ìda tí a ti fi ń dán igi náà tẹ́lẹ̀ bá kù lára rẹ̀, fánííṣì kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Bí awọ náà bá sì bó níbì kan, ó ṣòro láti tún ibẹ̀ nìkan ṣe kí ojú àbùlẹ̀ má hàn. Odindi pákó ni a óò ha. Èyí tí ń dán jù a sì máa yọ̀, ewu ńlá ni èyí fún àwọn àgbàlagbà.

Òróró línsíìdì ní tirẹ̀ a máa wọnú igi lọ. Kò le tó fánííṣì, a sì gbọ́dọ̀ máa fi kún un lóòrèkóòrè, ṣùgbọ́n ibi tí ó bá ṣí nìkan ni a óò fi àkísà pa. Àkísà yìí gan-an ni kí a ṣọ́ra fún! Bí a bá ká a jọ tútù, ooru a máa mú nínú rẹ̀ títí yóò fi gbiná fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tí ó ṣáná sí i. Ìta ni kí a tẹ́ ẹ sí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gbẹ, tàbí kí a rì í sómi.

Fún ilé tí èrò pọ̀ sí, òróró sàn. Fún ilé tí a lè kó jáde fún ọjọ́ mélòó kan, kí a kun fánííṣì tí kì í dán púpọ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èyí tí ó wù kí a lò, àwọn káfíńtà a máa kun ìgbésẹ̀ kan, wọn a fo èkejì, kí àwọn ará ilé lè máa rí ibi tẹ̀ gòkè títí àwọn tí a kùn yóò fi gbẹ.